Ìnàkí Tí Mo Rán Sẹ́yìn Agbádá Alfa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Èmi náà ti bú ara mi títí, èébú ti tán lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, mo sì ti di bàbá arúgbó báyìí. Ìyàwó mi kò mọ̀. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ti kú.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ wé láwàní Baba Àdínì fún mi ní mọ́ṣáláṣí àwa Yorùbá ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, níbí ní Niamey lórílẹ̀-èdè Niger. Agbádá tí wọ́n ní kí n wọ̀ lọ́jọ́ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ kí n má baà rí i. Èmi ni mo ṣe ọnà ara rẹ̀. Ojú ìnàkí kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ rán an síbẹ̀, àwọn èèyàn sì ti ń forí balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Zongo ni wọ́n bí mi sí, kò jìnnà sí Grand Marché, ọjà ńlá ìlú náà. Nígbà tí mò ń sọ yìí, àwọn ológun ló ń ṣèjọba, owó yùréníọ̀mù sì ti wọ Niamey débi pé àwọn èèyàn ń kọ́ ilé alájà sórí ilẹ̀ tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà ní Arlit máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n á ra alùpùpù tuntun, wọ́n á rán agbádá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ pọ̀ fún àwa aránṣọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, Bàbá Lásísì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Jákàn ni tèmi, ìyẹn ọnà tí à ń fi òwú ṣe sára agbádá. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á sórí aṣọ, lẹ́yìn náà n óò fi ẹ̀rọ tọ ojú ìlà. Ẹ má bínú pé mò ń yin ara mi. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yà bíi tèmi ní gbogbo Zongo nígbà náà. Ìyẹn wà lára ohun tó bà mí jẹ́.

Òyìnbó kan ló ṣí yàrá eré sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ẹ̀rọ márùn-ún ló kó síbẹ̀, wọ́n ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tẹlifíṣọ̀n sì wà láyà wọn. O máa ra jẹ́tọ́ọ̀nù, ìyẹn owó irin tí ẹ̀rọ náà ń gbà, o máa sọ ọ́ sínú ihò, eré á bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti ọkọ̀ àti ìbọn, n kò kà wọ́n sí. Ìkarùn-ún ni ti ọkùnrin kúkúrú kan tó dé fìlà koríko, tó ń rìnrìn àjò nínú igbó. Á fo kòtò, á ká máńgòrò, á gun orí erinmi sọdá odò. Gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ló rí rogodo bí àwòrán tí wọ́n yà fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n tó bá dé òpin igbó, ìnàkí kan ló jókòó síbẹ̀ lórí òkìtì oúnjẹ tó jí kó. Àwọn ọmọ Zarma, ìyẹn àwọn onílẹ̀, tó ń wá síbẹ̀ ń pè é ní Pàtírọ̀n, ìyẹn ọ̀gá, torí pé bí o kò bá ṣẹ́gun rẹ̀, kò sí ibi tí ò ń lọ.

Ẹ má bínú bí àpèjúwe rẹ̀ bá rí yín lára. Ó wọ ẹ̀wù pẹnpẹ kan tí ikùn rẹ̀ yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó máa ń họ abíyá, á gbóòórùn ìka rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Á ti ọwọ́ bọ imú, á fa ikun aláwọ̀ ewé jáde, á sì jù ú lù ọ́. Bí ikun náà bá bà ọ́, ọkùnrin kúkúrú á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ìnàkí á wá rọra sọ̀ kalẹ̀, á jókòó lé e lórí, á sì só. Lẹ́yìn náà á yọ ahọ́n, á máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Nǹkan ẹlẹ́gbin gbáà ni. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Mo kọ́ ọ bí mo ṣe kọ́ ọnà jákàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ju ikun sápá òsì, ẹ̀ẹ̀kan sápá ọ̀tún, kó tó gbé apá sókè láti lu àyà. Ìgbà tó bá ń lu àyà ni èèyàn á sáré fa oúnjẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀ kó lè ṣubú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Ìsúfù, ọmọ Zarma kan tó ń tún alùpùpù ṣe, la kọ́kọ́ ṣẹ́gun rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan, eré tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìnàkí ti tún jókòó sí ààyè rẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Mo ń rí i lójú àlá. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á sórí tábìlì ọ̀gá mi, n óò sì fọwọ́ nù ún kí wọ́n tó dé.

Alfa ni gbogbo wa ń pe lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wa nígbà náà, n kò sì ní dárúkọ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ohùn wọn kì í lọ sókè. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo pa ìrun jẹ. Mo ti dé iwájú ìnàkí nígbà tí wọ́n pe ìrun, mo ní kí n yára parí rẹ̀. N kò parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kírun tán, Alfa ń kọjá lọ pẹ̀lú àwọn àgbà, wọ́n sì rí mi láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọ́n dúró sẹ́yìn mi, n kò mọ̀. Wọ́n ń wò títí ìnàkí fi jù mí lulẹ̀ tó jókòó lé mi lórí.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹran yìí lo torí ẹ̀ fi Ọlọ́run sílẹ̀?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá náà ń rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún èèpo ẹ̀pà. Nígbà tí mo dìde, èèpo ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí mi, wọ́n sì tún fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, bó bá mọ síbẹ̀, ì bá ti tán nínú mi. Ṣùgbọ́n mò ń fẹ́ ọmọbìnrin kan nígbà náà, Rìsíkátù, ọmọ Bàbá Alábọ́ tó ń ta abọ́ ní Grand Marché. Àwọn ẹbí mi ti lọ tọrọ rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yàrá eré, bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn kò ṣe mọ́. Wọ́n ní àwọn kò lè fa ọmọ àwọn lé ẹni tó ń bá ìnàkí ṣeré lọ́wọ́. Kò pẹ́ sí i, wọ́n mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọkọ mìíràn. Mo ní Alfa ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ mi lọ síbẹ̀. Ta ló tún lè jẹ́? N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo gbé e sínú, ó ń kẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí Iléyá ọdún náà kù díẹ̀, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ní kí a rán agbádá fún Alfa, torí pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wọ̀ láti ìgbà tí a ti mọ̀ wọ́n. Aṣọ basín aláwọ̀ aró ni wọ́n rà, èyí tó dára jù lọ́jà. Ọ̀gá mi gbé e síwájú mi, wọ́n ní èmi ni kí n ṣe jákàn rẹ̀. N kò bèèrè ìdí. Wọ́n ní kí n ṣe iwájú bó ṣe yẹ, kí n sì ṣe róbótó ńlá kan sí ẹ̀yìn lápá èjìká, òwú aláwọ̀ aró bíi ti aṣọ náà gan-an ni kí n lò, torí pé Alfa kò fẹ́ fáàrí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ agbádá mọ ibi tí mò ń sọ. Róbótó ẹ̀yìn yẹn ni ẹni tó bá ń kírun lẹ́yìn yín máa ń wò.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya ìnàkí.

N kò yà á ní gbangba, n kò ya wèrè. Mo ká a mọ́ inú ọnà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ di ìgbì méjì. Ihò imú rẹ̀ di òdòdó méjì. Apá tó gbé sókè láti lu àyà di ẹ̀ka tó yí róbótó náà ká. Ahọ́n rẹ̀ ni mo ṣe sí ìsàlẹ̀, bí ewé kan tó rọ̀ wálẹ̀. Bí o kò bá mọ ìnàkí yẹn, ọnà lásán ni o máa rí, á sì wù ọ́. Bí o bá ti bá a jà rí, ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kò ọ́ lójú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rán an. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń rán an. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Ìsúfù àti àwọn yòókù nínú yàrá eré máa dá a mọ̀, wọ́n á fi Alfa ṣe yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ náà á sì dé etí wọn bí tèmi ṣe dé etí gbogbo èèyàn.

Nígbà tí wọ́n gbé e fún Alfa, Alfa pè mí. Wọ́n fọwọ́ pa aṣọ náà, wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ." Mo ní àmín. Ẹnu yìí náà ni mo fi ṣe àmín.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n wọ̀ ọ́ wá kí wa nírun. Mo wà ní sàfù kejì, ìyẹn ìlà kejì lẹ́yìn lèmọ́mù. Mo ti ní kí Ìsúfù wá kírun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, mo ní nǹkan kan wà tó gbọ́dọ̀ rí. Alfa tẹ̀ ba, aṣọ náà fẹ̀ lẹ́yìn wọn, ìnàkí lajú sí wa. Wọ́n dìde, ó dìde. Wọ́n forí kanlẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn wọn, ahọ́n rẹ̀ wà níta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo wa wà, bàbá mi, ọ̀gá mi, àwọn àgbà tí wọ́n ti ṣe àlùwàlá dáadáa, a tò lọ rẹrẹ, a forí balẹ̀.

Mo ti rò pé ẹ̀rín ló máa pa mí. Ohun tó gùn mí lọ́fun kì í ṣe ẹ̀rín. Ó ṣe mí bíi pé ẹnì kan ti ikun náà bọ̀ mí lẹ́nu, tó ní kí n gbé e mì. Ìríra bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fi ìrun sílẹ̀, mo jáde lọ sẹ́yìn ògiri, mo bì. Àwọn tó rí mi ní ẹran Iléyá ni mo jẹ jù.

Ìsúfù bá mi níbẹ̀. Mo retí pé á rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo ohun tó fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ṣe é?" Hausa ló fi bi mí. Zarma ni èmi àti ẹ̀ máa ń sọ, Hausa ti ọjà ni, a kì í sọ ọ́ síra wa.

Mo ní eré ni.

Ó ní, "Walahi, mo forí kanlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ìwọ lo pè mí wá forí kanlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀."

Ó tutọ́ sílẹ̀. Kò tu ú sí mi lára, ẹ̀gbẹ́ bàtà mi ló tu ú sí. Kò bá mi jẹun mọ́ títí ó fi kú. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, mo rò pé ojú ń tì í láti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu. Èmi náà kò padà sí yàrá eré mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà Alfa láti lọ jẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kí wọn pé ẹ kú ìjókòó, tí mo sì bá tèmi lọ.

Ọdún méje ni Alfa fi wọ agbádá náà, kò sí Jímọ̀ tí wọn kì í wọ̀ ọ́. Kí n má baà rí i, mo wá ibì kan nínú mọ́ṣáláṣí tí òpó ti bo lèmọ́mù mọ́ mi lójú. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Torí kí ẹlòmíràn má baà gbà á, mo ń tètè dé ju gbogbo èèyàn lọ. Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Àwọn àgbà ń rí mi tí mo ti jókòó kí wọ́n tó tẹ́ ẹní, wọ́n ní ọmọ yìí ti ronú pìwà dà, ẹ̀sìn ti wọ̀ ọ́ lára. Ibẹ̀ ni orúkọ rere tí mo ní lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn òpó yẹn ni wọ́n ti mú mi tí wọ́n fẹ́ fi mí ṣe Baba Àdínì.

Nígbà tí Alfa fi ayé sílẹ̀, ìyàwó wọn, Ìyá Àfúsátù, kò jẹ́ kí wọ́n pín agbádá náà mọ́ aṣọ yòókù. Ìyá ní ìbùkún wà lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá bímọ láàárín wa, wọ́n á gbé e wá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á sì tẹ́ ọmọ tuntun lé e lórí fún àdúrà. Orí róbótó ẹ̀yìn yẹn gan-an ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, torí pé ibẹ̀ ló nípọn. Ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo bí ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín, èmi ń wo ahọ́n yẹn lábẹ́ ọrùn ọmọ mi. Mo mọ̀ pé òwú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé òwú ni. Tí a bá padà délé, n óò gbé ọmọ náà, n óò fi ọṣẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀, n óò tún un fọ̀, títí ìyàwó mi á fi gbà á lọ́wọ́ mi pé kí ló dé.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ẹ má tíì pa ojú ìwé yìí dé.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan, píìnì tí wọ́n fi mú aṣọ ìdí ọmọ há mọ́ róbótó náà, ó fa òwú rẹ̀ já. Ojú kan ti ìnàkí náà tú. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi nígbà náà. Ìyá Àfúsátù gbé agbádá wá, wọ́n ní, "Ìwọ lo ṣe é, kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tó máa kàn án." Wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní odidi ọjọ́ kan. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi. Mo lè tú gbogbo rẹ̀, kí n ṣe ọnà mìíràn síbẹ̀, kí n sọ pé ó ti gbó kọjá àtúnṣe. Ọlọ́run fún mi ní àyè tó gbòòrò, kò sí ẹni tó ń wò mí.

Mo wò ó, ó sì rẹwà. Ẹ gbìyànjú láti lóye mi. Gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà yẹn kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni lọ́jà. Ọwọ́ mi kò tíì ṣe irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, mo sì mọ̀ pé kò ní ṣe é mọ́ láéláé. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo wá òwú tó bá a mu. Mo tún ojú ìnàkí náà rán. Mo tilẹ̀ fi kékeré kan kún àárín rẹ̀ kó lè dà bíi pé ó ń tàn. Bó ṣe ń wo èèyàn lónìí, ọjọ́ yẹn ni mo fún un ní ìwò bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́, inú ló ń bí mi, ọmọdé ni mí. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Nígbà tí Ìyá padà wá gbé e, wọ́n gbàdúrà fún mi, mo tún ṣe àmín. Mo kórìíra ara mi nítorí èyí ju gbogbo ìyókù lọ. Mo ń gbóòórùn ìka mi bíi ti ìnàkí yẹn, inú mi sì ń dùn.

Sátidé tó kọjá, Ìyá Àfúsátù wọ takisí láti Zongo wá bá mi ní Talladjé tí mò ń gbé báyìí. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ wọn obìnrin kan ló fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Wọ́n gbé agbádá náà lé ẹsẹ̀, wọ́n ti fi káfúrà sínú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ wọn ọkùnrin kò sí ní Niamey mọ́, àwọn sì ti pinnu pé èmi tí mo ṣe é ni kí n wọ̀ ọ́ gba láwàní, kí n sì máa wọ̀ ọ́ lọ.

Mo ní, "Ìyá, aṣọ ńlá ni. Kò tọ́ sí mi."

"Ó tọ́ sí ẹ. Ṣé o mọ̀ pé Alfa ni wọ́n ní kí wọ́n gbé e fún ẹ ṣe?"

"Rárá, Ìyá."

"Ọ̀gá ẹ fẹ́ ṣe é fúnra wọn. Alfa ní rárá, ìwọ ni. Wọ́n ní àwọn ti dójú tì ọ́ lójú èèyàn nínú yàrá eré yẹn, pé ọ̀rọ̀ náà ń dun àwọn. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni gbogbo èèyàn á máa wò lẹ́yìn àwọn ní Jímọ̀, wọn ò ní rántí ọ̀rọ̀ ìnàkí mọ́."

Mo tẹjú mọ́ agbádá tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, Ìyá sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ bẹ Bàbá Alábọ́ nítorí ẹ. Ọkọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá yẹn ń fẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń wá ohun tí wọ́n máa sọ ni. Alfa ní kí n má jẹ́ kó o gbọ́, kó má dà bíi pé àwọn ń wá ọpẹ́."

Wọ́n wá agbádá náà káàkiri pẹ̀lú ọwọ́ títí wọ́n fi kan róbótó ẹ̀yìn. Wọ́n ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀, imú, ẹnu, ahọ́n. Wọ́n ní, "Ibí yìí ni wọ́n fẹ́ràn jù." Wọ́n sì gbé e sókè, wọ́n fẹnu kò ó. Mo jókòó síbẹ̀, mo rí i. Mo rí ètè ìyá arúgbó yẹn lórí ẹnu ẹran tí mo rán.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo mú bíléèdì. Mo ní kò ní kọjá òní, n óò tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpéǹpéjú apá òsì. Òwú náà ti gbó, ó ń já wuuru. Mo tú ìpéǹpéjú, mo tú ojú, mo tú ihò imú kan. Mo gbọn òwú dànù, mo gbé aṣọ náà sí ojú fèrèsé kí n lè rí ibi tó kù.

Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi rán aṣọ, n kò ro èyí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú kan tú níjọ́sí, aró aṣọ ṣì dáa, n kò rí nǹkan kan; ní báyìí, agbádá náà ti ṣá. Oòrùn àti ọṣẹ ti sọ aró rẹ̀ di àwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n oòrùn kò dé abẹ́ òwú rí. Aró ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó dúdú kirikiri. Nígbà tó jẹ́ òwú, ó fara pamọ́ sínú ọnà, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti aṣọ. Ní báyìí tí mo tú u, ojú kan, ìpéǹpéjú kan àti ihò imú kan wà ní gbangba lórí aṣọ tó ti ṣá, bíi pé ẹnì kan fi yíǹkì yà á. Kò sí ẹni tó máa rí i tí kò ní mọ̀ pé ojú ẹran ni.

Ìyàwó mi wọlé láti wá mú ìbòrí rẹ̀. Ó dúró.

Ó ní, "Bàbá Sàkírù, kí ló ń wò wá lára aṣọ Alfa yìí?"

Mo ní omi ló ta sí i. Ó wo aṣọ, ó wo bíléèdì ọwọ́ mi, ó sì jáde.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Bí mo bá sọ òótọ́ fún Ìyá Àfúsátù, mo mọ̀ pé n óò fi ìkórìíra kún ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún wọn láyé, gbogbo òbí tó tẹ́ ọmọ lé aṣọ yẹn á sì wẹ ọmọ rẹ̀ bí mo ṣe wẹ tèmi. Bí mo bá ní aṣọ náà ti sọnù, wọ́n á sunkún títí wọ́n á fi kú. Bí mo bá wọ̀ ọ́ bó ṣe wà yìí, sàfù tó wà lẹ́yìn mi máa rí i kí n tó jókòó. Bí mo bá tún un rẹ sínú aró, ìlà náà á ṣì dúdú ju ìyókù lọ. Kò sí ọnà mìíràn tó lè bò ó, mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti yà á sórí ìwé títí ilẹ̀ fi mọ́ lónìí. Ohun kan ṣoṣo tó lè bo ìlà yẹn ni òwú tó gba ojú ìlà náà gan-an, láìyẹ̀, láti ìpéǹpéjú dé imú. Ìyẹn ni pé kí n tún jókòó, kí n tún ìnàkí náà rán lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí mo mọ ara mi. Mo ti ti òwú bọ abẹ́rẹ́.